Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Di Olùkọ́ Orin

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìwé orin, tí ọkàn yín sì fà sí iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ẹ gbọ́ ìtàn Akin Euba, olùkọ̀wé orin tó tún jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, lẹ́nu mi.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1935. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un jókòó sídìí dùùrù. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣiṣẹ́ rédíò nílé, ó tún kọjá sí Amẹ́ríkà lọ kàwé sí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìlù dùndún ló yàn láti ṣèwádìí rẹ̀. Legon ní Gánà ló ti gba oyè náà ní 1974.

Ẹ ro ó dáadáa. Nínú ìlù dùndún, gúdúgúdú àti omele, kálukú a máa lu ohun tirẹ̀ ní àlùtúnlù, ìyáàlù á sì máa sọ̀rọ̀ lórí wọn. Tíọ́rì gidi nìyẹn, ó wà nílé àyàn kí yunifásítì tó dé. Euba gbé e lọ sídìí dùùrù, ó ní dùùrù náà lè ṣe bí ìlù. Nínú opẹ́rà rẹ̀, Chaka, ohun èlò orin òyìnbó àti ti Áfíríkà jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́ bí Bach ṣe ń to ohùn mẹ́rin pọ̀. Ìmọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ti sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì. T.K.E. Phillips ti kọ ìwé lórí orin Yorùbá láti 1953. Ẹ wá a kà.

Ohun kan ń dùn mí: bí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ bá ti ń lépa ìgbéga, ìwé ìwádìí nìkan ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ orin mọ́. Euba kọ́ni ní Ifẹ̀ àti Èkó, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh, síbẹ̀ kò fi orin kíkọ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1990. Iṣẹ́ kan ń bọ́ èkejì ni.

Nítorí náà, bí ọlidé bá dé, ẹ wá ìdílé àyàn tó sún mọ́ yín lọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má bèèrè ìyáàlù. Omele ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì lù ú títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó mú bírò.