Òògùn àti Ẹbí: Ẹ̀kọ́ Lára Iṣẹ́ Dókítà Lambo ní Àrò



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa nítorí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, télọ̀ ni, ti ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ fún oṣù mẹ́jọ, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Nígbà tí Rámádáánì dé, ẹbí ní ara rẹ̀ ti yá, kí ó pa òògùn tì kí ó lè gba ààwẹ̀. Kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó pé, kò sùn mọ́, ó ń dá ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lóhùn, ó sì ti sá kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà ní: "Àlájà, wọ́n ní ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣé ká gbé e lọ?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á wo iṣẹ́ dókítà kan tí ó ti dáhùn rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ọkùnrin tí kò dúró de birikilà

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo sí ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1954 ó padà wálé láti bójú tó ilé ìwòsàn Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Títì ni wọ́n sábà máa ń ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé láyé ìgbà yẹn. Ní Yábàá tiwa níbí, ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ilé kan fún wọn. Ilé náà ló padà di ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn ọmọ ìgboro fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Yaba Left". Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìpamọ́ ni ju ibi ìwòsàn lọ.

Nígbà tí Lambo dé Àrò, iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Kò káwọ́ gbera dè é. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Àdéhùn kan wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ẹnì kan nínú ẹbí, ìyá ni o, àbúrò ni o, yóò bá a wá, yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá parí níbẹ̀, wọ́n á padà sí abúlé, sáàárín ọmọdé, àgbà, oko àti ọjà.

Àwọn ará abúlé náà jèrè. Yàtọ̀ sí owó ilé, ilé ìwòsàn bá wọn ṣètò omi tó mọ́ àti ṣáláńgá, wọ́n sì ń pa ẹ̀fọn. Ẹ ò rí i pé ìmọ́tótó àti ìlera ọpọlọ jọ ń rìn ni.

Lambo kò torí èyí pa òògùn tì. Abẹ́rẹ́, òògùn oníkóró àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tó wà nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ló lò. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí ó mọ̀ pé àwọn ni ẹbí ń kọ́kọ́ sá tọ̀. Àwa Mùsùlùmí kò ní tìtorí ìyẹn lọ sídìí ẹbọ. Ẹ̀kọ́ tiwa níbẹ̀ ni pé kí áfà tó ń ṣe àdúà fún aláìsàn àti dókítà tó ń kọ òògùn fún un má ṣe bá ara wọn jà.

Nígbà tó yá, Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní ọdún 2004. Àjọ yẹn ṣe ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án lórí irú àìsàn tí ń mú ènìyàn gbọ́ ohùn tí kò sí. Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà yẹ àwọn aláìsàn wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ti Ìbàdàn sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹbí wà lára ohun tó fà á.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Ó tún kọ́ wa pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí níbẹ̀ títí yóò fi padà. Ẹni tí Ọlọ́hun kò bi léèrè, kí ló dé tí àwa ń fìyà jẹ ẹ́? Ní Baghdad àti Cairo àtijọ́, àwọn Mùsùlùmí ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí Abu Zayd al-Balkhi ti kọ̀wé pé ara àti ọkàn ni a gbọ́dọ̀ jọ tọ́jú.

Síbẹ̀, ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch ròyìn pé wọ́n ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ilé ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, ti ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

1. *Ẹ má ṣe dá òògùn dúró fúnra yín.* Kì í ṣe òògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó jọ òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: òun ló ń di àìsàn náà mú. Bí a bá dá a dúró, ara lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí àìsàn tó padà.

2. *Bí òògùn bá ń dà á láàmú, ẹ sọ.* Oorun àsùnjù, ọrùn gígan, ọwọ́ gbígbọ̀n, ara sísan: dókítà lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù wà fún ẹni tó bá ń gbàgbé.

3. *Kí Rámádáánì tó wọlé, ẹ lọ rí dókítà.* Òògùn mìíràn ṣeé gbé sí ìgbà ìṣínu. Ti lithium léwu: bí omi bá gbẹ lára, ó lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀. Al-Kùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó jẹun. Kí á gba ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

4. *Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bá a lọ,* bí ti Àrò. Kí ó mọ orúkọ òògùn àti ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n padà wá.

5. *Bí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí ó fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe,* ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó ọ̀bẹ àti òògùn kòkòrò kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yábàá tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà lójú ẹsẹ̀.

Mo sọ fún ìyá yẹn pé kí ó má gbé ọmọ lọ síbi ṣẹ́ẹ̀nì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà la jọ mú un padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Kò tíì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn lóru. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó bá wa kírun.

Ìbéèrè fún ìdílé

1. Kí ló dé tí Lambo fi ní kí aláìsàn má dá wá?
2. Irú ọ̀rọ̀ wo là ń sọ nínú ilé wa tó lè mú kí aláìsàn ọpọlọ fi ara pamọ́?
3. Ta ni nínú ilé wa tó ń lo òògùn lójoojúmọ́, ta ló sì ń bá a ṣọ́ ọ?

Kí Ọlọ́hun Ọba wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní sùúrù. Àmín.