Ìtànṣán Kì Í Ṣe Iná

Bí jẹjẹrẹ bá ń bá ẹnì kan fínra ní Ọ̀jọ́ nílùú Èkó, tí wọ́n sì ní kó máa lọ gba ìtọ́jú ní Ìdí-Àràbà, ohun tí àwọn ẹbí sábà máa ń sọ ni pé, "Wọ́n ń fi iná jó o." Ẹ óò gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà, ẹ óò sì gbọ́ ọ ní Okokomaiko. Gbólóhùn burúkú ni. Ẹni tí wọ́n bá ń fi iná jó, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà yẹn, lọ́dún 2019 kì í jó ẹnikẹ́ni. Aláìsàn kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára lásìkò tó bá ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, awọ ara lè pọ́n, ó sì lè bó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbà pé ibẹ̀ ni iná ti ráyè wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ìtànṣán ni ká pè é, bí a ṣe ń pe ti oòrùn: "Wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀." Ẹni tó ń ṣàìsàn nílò gbólóhùn tí kò ní í dẹ́rù bà á.

Ìtànṣán pín sí oríṣiríṣi o. Èyí tó ń jáde lára òpó tẹlifóònù tí àwọn ará àdúgbò máa ń tìtorí rẹ̀ bínú kò lágbára àtifa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yọ lára átọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì LASU yóò ṣe sọ fún yín. Ti ilé ìwòsàn lágbára ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ sí kókó jẹjẹrẹ, ó di dandan kó gba ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan kan kò ṣe kọjá. (Mo mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà ni a ń pe yàrá àtìmọ́lé. Kò sí wàhálà, kò sẹ́ni tí yóò ṣì wọ́n mú.) Àwọn oníròyìn máa ń ní àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí "fara pa". Kò burú, àmọ́ kò dé ibẹ̀. Fara káásá ni ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú. Ẹni tó bá fara pa, ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, ìyẹn nìkan la mọ̀. Ẹni tó fara káásá, kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá jà. Ó kàn wà níbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fara káásá? Omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìtànṣán a fọ́ omi náà, àfọ́kù rẹ̀ a sì di oníjàgídíjàgan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fẹ́ràn kí wọ́n máa wà ní méjì-méjì bí ìbejì. Àfọ́kù yìí ní ọ̀kan tí kò rí ìkejì, ó sì ń já tẹlòmíràn gbà, títí dé orí DNA tó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì sọ́nà. Kí la ó pè é? Ẹnì kan lè sáré dábàá "aláìlẹ́gbẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, oríkì Ọlọ́run nìyẹn! Èmi fara mọ́ awákejì, torí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ohun tó ń kápá awákejì ni àwọn elégbòogi ń pariwo lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ó ń "fọ ẹ̀jẹ̀". Kò fọ nǹkan kan. Ó ń fún awákejì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń wá, ìjà a sì parí. Pípẹ̀tù sí aáwọ̀ nìyẹn, nítorí náà apẹ̀tù ni mo pè é. Àwọn atúmọ̀ kan fẹ́ "adènà-ìdógùn-ún", torí pé ọ́síjìn wà nínú àfọ́kù omi yẹn, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kan náà ló sì ń mú kí irin dógùn-ún. Ó dùn létí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Alábà, tí atẹ́gùn òkun kò jẹ́ kí irin wọn sinmi. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í dógùn-ún.

Ní báyìí, àwọn onímọ̀ ń ṣe apẹ̀tù ní èérún nánò. Mílíọ̀nù kan nánòmítà ló wà nínú mílímítà kan. Ẹ má pe irú èyí ní "wẹ́wẹ́", torí ohun tí a bá gé tàbí tí a já là ń pè bẹ́ẹ̀. "Bíńtín" wà fún ohun tí kò pọ̀. Ohun tí a lọ̀ ló ń kúnná, bí èlùbọ́, tó bá sì kúnná dójú àmì, ó di lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́búlẹ́bú gan-an ṣì jẹ́ òkúta ràbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nánò. Èérún ni mo fi sílẹ̀ fún un, nítorí pé èérún lè kéré dé ibi tó bá wù ú.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti cerium, mẹ́tàlì tó wà nínú òkúta kékeré tó ń ta iná nínú láítà. Èérún cerium oxide lè fún awákejì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, kó tún gba òmíràn padà, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́tun. Fítámì C inú ọsàn kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń tán ni. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Central Florida ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká mọ̀ pé ó dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ọmú tó lálàáfíà lọ́wọ́ ìtànṣán nínú àwo ìdánwò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́ rárá. Lọ́dún 2009, wọ́n dán an wò lára eku, láti gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́ ìtànṣán. Nítòsí wa níhìn-ín, Agbájé Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, lo èèpo kòkó àti èèpo obì gbànja láti fi ṣe èérún nánò fàdákà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016 pé ó lè pẹ̀tù sí awákejì. Ti ìtànṣán kọ́ ni wọ́n dán wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe kan tí mo fẹ́ kí á ṣọ́ra fún. Ohun tí à ń retí lọ́wọ́ àwọn èérún wọ̀nyí ni kí wọ́n dáàbò boni, kì í ṣe kí wọ́n woni sàn; jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ìtànṣán ló ń bá a jà. Ẹni tó bá gbé ìgò dé Ìyànà Ìbà tó ní nánò òun "ń wo jẹjẹrẹ" ti ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó sì fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín.