Kí Ló Dé Tí Àmì Yorùbá Kì Í Jókòó Sórí Lẹ́tà Rìbìtì?

ÌBÉÈRÈ: À ń ṣe pátákó fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Erio-Èkìtì. Fọ́ǹtì tó wù mí ni èyí tó sanra, tí igun rẹ̀ rí rìbìtì, bíi ti èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ “Ilé Ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi” sí i, é àti ó dúró dáadáa, àmọ́ Ẹ̀, ọ́ àti ẹ́ di lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, àmì orí wọn sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé kọ̀ǹpútà wa ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àkíyèsí. Ìbéèrè yín ni pé, kí ló dé tí é fi dúró, tí ẹ́ kò dúró, nígbà tí àmì orí kan náà ló wà lórí méjèèjì? Kọ̀ǹpútà yín kò ní àléébù. Fọ́ǹtì yẹn ni kò ní ẹ àti ọ nínú.

Ènìyàn ló ń jókòó ya gbogbo lẹ́tà inú fọ́ǹtì, èyí tí kò bá yà, kò sí níbẹ̀. Oswald Cooper ló ya Cooper Black, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà rìbìtì tó lókìkí jù, tí ilé iṣẹ́ Barnhart Brothers & Spindler gbé jáde ní Chicago ní 1922. Lẹ́tà náà ló wà lára èèpo Pet Sounds, rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin Beach Boys, ní 1966. Ìpolówó ọjà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ṣe é, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó ń wò ó ṣe sì gba ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ń lo é, nítorí náà ó wọ́pọ̀ nínú fọ́ǹtì. Bí fọ́ǹtì kò bá ní ẹ, kọ̀ǹpútà á yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn: lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí nìyẹn.

Ti àmì orí tún ní ìdí tirẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Bí kò bá sọ ọ́, àmì á fò.

Ẹ má jẹ́ kí fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam tàn yín. Èdè náà ní ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n kò ní ṣ.

Kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ tẹ “Ẹ̀fọ̀n” àti “Ọ̀ṣun” sí i, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró, ẹ mú un. Bí kò bá dúró, tí ọkàn yín ṣì wà lára rẹ̀, ẹ ní kí atẹ̀wé yín sọ orúkọ náà di àwòrán nínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, kó wá fi ọwọ́ ya àmì orí àti tìsàlẹ̀, kí wọ́n sanra bíi lẹ́tà fúnra rẹ̀. Kó fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, kí àmì má baà kọlu ara wọn.

Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni kí ẹ fi lẹ́tà rìbìtì kọ. Ihò inú lẹ́tà tó sanra máa ń dí bó bá kéré, nítorí náà lẹ́tà lásán ló yẹ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù.

Ohun tí ẹ fẹ́ kò pọ̀ jù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ yàtọ̀ sí e máa wo pátákó yẹn lójoojúmọ́. Ó yẹ kó bá gbogbo àmì rẹ̀ níbẹ̀.