Owó Tí Kò Tíì Di Tiyín

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára yín nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá wọlé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tó wà lókè òkun. Ẹ ó pariwo, ẹ ó fi han ọ̀rẹ́, ẹlòmíràn á tilẹ̀ ti ra súyà kí owó náà tó dé báńkì. Èmi náà ṣe é rí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé owó káàdì kì í di ti olùtajà lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹni tó sanwó ṣì lè lọ bá báńkì rẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, tàbí pé ọjà kò dé, báńkì á sì fa owó náà yọ padà lọ́wọ́ yín. Chargeback la ń pè é. Lórí káàdì Visa, oníbàárà sábà máa ń ní 120 ọjọ́ láti fi ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn. Oṣù mẹ́rin! Ta ló ń tọ́jú owó ọjà fún oṣù mẹ́rin?

Àgbo ni mo fi kọ́gbọ́n. Mo kọ́ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fún obìnrin ará Ìbàdàn tó ń ta tíì ewé fún àwọn èèyàn wa ní London àti Houston. Ọjà rẹ̀ dára, ó sì ń dé. Ojú-ìwé ìsanwó tí mo ṣe fún un ń dán gbinrin. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé orúkọ tó ń jáde lórí ìwé báńkì oníbàárà kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ kọ́ńpìnì tí ọkọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ ní CAC tipẹ́, nígbà tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló ń jáde. Ìyá kan ní Peckham ra tíì, ó mu ún, ó gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó rí i pé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Nàìjíríà yọ owó òun. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Èmi náà ì bá pe báńkì. Mọ́kànlá irú ẹ̀ ló dé láàárín oṣù kan. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó tilẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n sì di èyí tó wà lọ́wọ́ wọn mú fún oṣù mẹ́fà. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà o. Orúkọ lásán ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìtajà yín ní high-risk, ẹ má ṣe rò pé wọ́n bú yín. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé irú ọjà yẹn máa ń mú kí èèyàn padà wá béèrè owó rẹ̀. Àgbo wà níbẹ̀, tíì tó ń fa ikùn wọlé wà níbẹ̀, tẹ́tẹ́ náà wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ ló máa ń ya àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu jù. Ẹ rò ó wò: èèyàn sanwó ní oṣù kejìlá fún eré tó di ọjọ́ Àjíǹde. Bí olórin kò bá yọjú, gbogbo gbọ̀ngàn ló máa gba owó wọn padà lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì sì ti ná an.

Gbogbo ìtajà ló ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin tí báńkì fi mọ irú òwò tó ń ṣe: 7995 ni ti tẹ́tẹ́, 5912 ni ti ilé oògùn. Ẹnìkan á wá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má wulẹ̀ sọ pé àgbo lẹ ń tà, kí ẹ gba owó náà gba orí àkáǹtì ẹ̀gbọ́n yín tó ń ta aṣọ. Ẹ sá fún un. Mastercard ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní MATCH, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn olùtajà tí wọ́n lé dànù sí. Orúkọ ẹni tó ni òwò máa ń bá orúkọ òwò wọ ibẹ̀, ọdún márùn-ún ló sì máa lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tí kò ta ju àǹkárá lọ yóò wá di ẹni tí báńkì ń sá fún. Ẹ sọ òótọ́ ohun tí ẹ ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó tajà, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Ó ku ojú-ìwé ìsanwó gan-an. Iye tí oníbàárà máa san, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, gbọ́dọ̀ hàn kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ọjà máa lò lọ́nà, ẹ kọ bí èèyàn ṣe lè dá ọjà padà, ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí ẹ̀dá alààyè ń gbé síbẹ̀. Lábẹ́ bọ́tìnì, ẹ kọ ọ́ kedere pé orúkọ báyìí ni yóò jáde lórí ìwé báńkì yín. Aago irọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, èmi kórìíra rẹ̀. Ẹni tí ẹ dẹ́rù bà kó tó rajà yóò kábàámọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, báńkì ló sì máa ròyìn fún.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín gba nọ́ńbà káàdì. Òfin ààbò káàdì tí wọ́n ń pè ní PCI DSS ti wà láti 2004, ó sì ka fífi nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì pamọ́ lẹ́yìn ìsanwó léèwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó, bíi Paystack tàbí Flutterwave, ṣí ojú-ìwé tiwọn fún oníbàárà, kí ẹrù yẹn wà lórí wọn. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fún yín, orí sáfà nìkan ni kó wà. Mo ti rí èyí tí ọmọkùnrin kan gbé sójú GitHub fún gbogbo ayé.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ojú-ìwé bá sọ pé ìsanwó ti yọrí, ẹ má tíì gbé ọjà jáde. Sáfà yín ni kó bi Paystack pé ṣé òótọ́ ni, kó sì wo iye tó wọlé. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó: ₦5,000 á jáde bíi 500000. Ẹnìkan wọ inú ìtajà ọmọ iṣẹ́ mi kan, ó yí iye náà padà nínú bíráwúsà rẹ̀, ó san ₦50 fún wíìgì ₦85,000. Ìsanwó yọrí lóòótọ́! Ọmọ iṣẹ́ mi kò wo iye, wíìgì sì ti dé Àkúrẹ́ kí a tó mọ̀. Bí webhook, ìròyìn tí Paystack ń fi ránṣẹ́ sí sáfà yín, bá wọlé, ẹ yẹ àmì tó bá a wá wò, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà ní orúkọ ẹlòmíràn.

Àwọn olè káàdì máa ń wá lóru. Ẹ ó rí ogójì ìsanwó kéékèèké láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kùnà. Wọn ò fẹ́ ọjà yín, káàdì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ dín iye ìgbà tí ẹnìkan lè gbìyànjú kù. Fún káàdì òkè òkun, ẹ tan 3-D Secure, kí báńkì onítọ̀hún fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé òun ni. Bí ó bá ti dáhùn, tó wá ní òun kọ́ ló sanwó, ẹrù náà sábà máa ń kúrò lọ́rùn yín bọ́ sórí báńkì rẹ̀. Káàdì Amẹ́ríkà tó ra ìgò ogún, tó ní kí ẹ gbé e wá sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà lónìí-lónìí, ẹ pe nọ́ńbà náà kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Fún àwọn tó wà nílé, tránsífà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, owó á wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹjọ́ chargeback inú rẹ̀ kò sì tó ti káàdì. Ṣùgbọ́n ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó ni kó tú ọjà sílẹ̀, kì í ṣe fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá ní àwọn á máa di ìdá mẹ́wàá owó yín mú fún oṣù mẹ́fà, ẹ má jà. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ọjà. Bí oníbàárà bá bínú, ẹ tètè dá owó rẹ̀ padà kó tó dé báńkì. Chargeback á gba owó náà, á tún gba owó ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Títí dòní, bí mo bá parí ìtajà tuntun, káàdì ara mi ni mo fi ń ra nǹkan àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mo ń dúró de tẹ́ẹ̀sì báńkì, mo sì ń gbé e fún ìyàwó mi kó kà á, torí òun kò mọ ohun tí mo ń kọ́. Bó bá bi mí pé, “Ta nìyí tó yọ owó yín?”, mo ti mọ̀ pé mo ní láti padà sídìí kọ̀ǹpútà.