Kì í Ṣe Oríkunkun, Ẹ̀rù Ló Ń Bà Á

Ìyá wa, ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 6, autism ló ní. Inú ìlédìí nìkan ló ń ṣu sí. Bí mo bá gbé e jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, igbe ni. Ìyá ọkọ mi ní ẹgba ló máa tún un ṣe. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn.

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú, o kú ìfaradà. Fi ẹgba sílẹ̀. Ìró omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí kò jẹ́ nǹkan kan létí rẹ lè dà bí àrá létí ọmọ tó ní autism. Ara rẹ̀ sì lè má tètè sọ fún un pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n.

Kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà. Kí ìgbẹ́ máa le wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọmọ tí ìgbẹ́ bá sì dùn lẹ́ẹ̀kan á máa há a mọ́nú.

Lẹ́yìn náà, fi ọjọ́ 7 kọ àkókò tó ń ṣu sílẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ àárọ̀ ni, kò yani lẹ́nu: oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ló ń jí ìfun. Àkókò yẹn ni kó máa jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú 3 péré. Bó ṣu, bí kò ṣu, jẹ́ kó dìde. Fi àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì kò lè fara balẹ̀ ṣu. Má sì da omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì títí ọmọ yóò fi jáde.

Bí ìjókòó yẹn bá ṣì ń bà á lẹ́rù, má gba ìlédìí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Jẹ́ kó máa ṣu sí i, ṣùgbọ́n inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó dúró sí. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó wọ̀ ọ́ jókòó lórí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bá yá, fi àlùmọ́gàjí gé ihò sí ìdí ìlédìí náà, kí ìgbẹ́ lè já sínú omi. Máa fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlédìí yóò fi tán. Ọjọ́ tí ìgbẹ́ bá kọ́kọ́ já sínú omi, fún un ní ohun tó fẹ́ràn jù lójú ẹsẹ̀, kó tó wọ ṣòkòtò. Bó bá ṣu sára, pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ láìpariwo.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú yín sọ̀rọ̀ ẹgba. Ṣùgbọ́n ẹgba á kàn kọ́ ọ láti sá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá ti jẹ ẹ̀kọ tán láàárọ̀, ẹ bá wa jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 3 yẹn. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.