Sísin Ẹja Òkun Nínú Ilé

Ẹja kò ní ilé mìíràn ju omi lọ. Inú omi ni ó ti ń jẹun, inú rẹ̀ ni ó ti ń mí, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń yàgbẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja òkun nínú àpótí dígí ní láti kọ́kọ́ mọ ìtọ́jú omi. Bí omi bá bàjẹ́, kò sí oúnjẹ tí ó lè gba ẹja là.

Ní ọdún 1853 ni a ṣí ilé ẹja kan fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Philip Henry Gosse, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó kó ẹ̀dá òkun wá síbẹ̀. Ní ọdún 1854 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dá òkun sínú dígí nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, ohun pàtàkì kan tí ń ṣẹlẹ̀ nínú omi ṣì pamọ́ fún wọn.

Àpótí ni ohun èlò èkíní. Olùbẹ̀rẹ̀ a máa rò pé èyí tí ó kéré ni yóò rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ a tètè ba omi kékeré jẹ́, ṣùgbọ́n omi púpọ̀ kì í tètè yí padà. Àpótí tí ó gba nǹkan bí lítà 150 sí 200 dára. Níwọ̀n bí lítà omi kan ti wúwo tó kílò kan, orí ohun tí ó lágbára ni kí a gbé e kà, níbi tí oòrùn kò ti ní í ràn sí i. Ẹ̀rọ tí ń rú omi, òṣùwọ̀n iyọ̀ àti òṣùwọ̀n ooru kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí níbẹ̀.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé oríṣiríṣi èròjà mìíràn ni ó wà nínú omi òkun. Omi ọ̀sà Èkó náà kò lè rọ́pò rẹ̀: bí òjò bá pọ̀, iyọ̀ inú ọ̀sà a dínkù, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a tún pọ̀ sí i. Iyọ̀ òkun tí a ṣe fún ẹja ni a ń rà, tí a ń pò mọ́ omi mímọ́ tí kò ní kẹ́míkà omi ẹ̀rọ nínú. Nǹkan bí gíráàmù 35 ni ó yẹ kí ó wà nínú lítà kan, kí ooru omi sì wà ní ìwọ̀n 25 tàbí 26 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ibi tí iṣẹ́ ti le nìyí. Ẹni tí kò ní sùúrù a ra ẹja márùn-ún ní ọjọ́ tí ó ra àpótí. Omi a mọ́ gaara, ẹja a sì máa wẹ̀ kiri. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n lè ti kú tán. Amóníà, májèlé tí ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ jíjẹrà jáde, ni ó pa wọ́n. Ojú kò lè rí i.

Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ń ṣẹ́gun májèlé náà. Ní ọdún 1877, Schloesing àti Müntz ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ń sọ amóníà di náítíréètì. Irú kan a sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé; òmíràn a sọ èyí di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara òkúta àti yanrìn ni wọ́n ń gbé. Nítorí náà, a ó kó òkúta òkun sínú omi, a ó fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ síbẹ̀ kí ó jẹrà, a ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè bí sí i. Nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé amóníà àti náítíráìtì ti pọ̀ rí, tí wọ́n sì ti padà di òfo, ilé ti ṣe tán.

Ẹja kan tàbí méjì ni kí a kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀. Ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tí ó ní ọ̀já funfun mẹ́ta lára kì í fún olùbẹ̀rẹ̀ ní wàhálà púpọ̀. Ó ń bímọ nínú àpótí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ra èyí tí a bí nínú àpótí kò dín ẹja òkun kù.

Lẹ́yìn èyí, bí omi bá ń fà, omi lásán ni kí a fi kún un, kí í ṣe omi oníyọ̀. Omi ni ó fà lọ, iyọ̀ ṣẹ́kù, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tí ó pẹ́ lórí iná ṣe ń níyọ̀ sí i. Kí a sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí náítíréètì má baà pọ̀ jù.

Ẹja kò lè sọ fún olówó rẹ̀ pé ara ń ni òun. Ẹni tí ó mú un kúrò nínú òkun ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.