Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: BÍ A TI Ń MỌ OORU ÀTI ÒTÚTÙ AYÉ ÀTIJỌ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ àti òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ni ó ti gbọ́ pé, ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, ayé tutù ju bí ó ti rí lónìí lọ. Yìnyín tí ó nípọn bo ilẹ̀ Kánádà àti apá àríwá Yúróòpù, omi òkun sì fà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé, Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó wọn òtútù náà? Ìbéèrè rere ni, nítorí pé àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n ìgbóná tí a lè fi ṣírò ti gbogbo ayé lápapọ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 1850 lọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. A ó fi àríyànjiyàn kan tí ó pẹ́ láàrin wọn ṣe àpẹẹrẹ.

1. Àwọn ẹlẹ́rìí tí kò ní ẹnu

Àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń pa àmì ìgbà mọ́ sínú ara wọn. Igi ilẹ̀ olótùútù a máa fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Ti ọdún tí ó bá a lára a máa fẹ̀, ti ọdún tí kò bá a lára a sì máa tín-ín-rín. Yìnyín Antarctica dùbúlẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ní ibi tí a ń pè ní Dome C, a ti gbẹ́ ẹ dé èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó 800,000 ọdún, afẹ́fẹ́ ayé ìgbà náà sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ òkun, ìkarahun àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí orúkọ wọn ń jẹ́ foraminifera ń kó jọ sínú ẹrẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pe iye dígírì fún wa. Ọdẹ tí ó rí ipa ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀ tútù mọ̀ dájú pé ẹran kọjá. Bí ẹran náà ti wúwo tó, ìṣirò ni yóò fi mọ̀ ọ́n, ìṣirò a sì máa ṣìnà.

2. Òkun àti òkè kò fi ohùn ṣọ̀kan

Láàrin ọdún 1970 sí 1981, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí a ń pè ní CLIMAP kó ẹrẹ̀ jọ láti ìsàlẹ̀ òkun púpọ̀. Wọ́n ka irú foraminifera tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí irú kan fẹ́ràn omi tútù, irú mìíràn sì fẹ́ràn omi gbígbóná. Èyí ni wọ́n rí: òkun ìhà àríwá tutù gidigidi, ṣùgbọ́n òkun ilẹ̀ olóoru fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, níbòmíràn ó tilẹ̀ gbóná díẹ̀ ju ti òní lọ.

Àwọn òkè gíga ta ko èyí. Ní Ìlà Oòrùn Áfríkà, ní New Guinea, ní Kòlóḿbíà àti ní Hawaii, òkúta tí yìnyín tì kiri tí ó sì fi sílẹ̀ fi hàn pé yìnyín ìgbà náà sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 mítà ju ti ìsinsìnyí lọ. Bí a bá gun òkè ní 1,000 mítà, òtútù a máa fi nǹkan bí 6 dígírì pọ̀ sí i. Ǹjẹ́ òkè ha lè tutù tó 5 tàbí 6 dígírì, kí òkun tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má sì yí padà?

3. Iṣẹ́ àwòṣe

Níhìn-ín ni a pe àwòṣe ojú ọjọ́ wá. Àwòṣe yìí kì í ṣe ère; ìṣirò ni, tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà nìkan fi lè ṣe é. A pín afẹ́fẹ́ ayé sí àpótí-àpótí. A sì ṣírò, nípa òfin ìṣẹ̀dá tí a mọ̀, bí ooru, ìkùukùu àti ẹ̀fúùfù ti ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ní ọdún 1985, David Rind àti Dorothy Peteet ní Amẹ́ríkà fi ìgbóná òkun tí CLIMAP kọ sílẹ̀ sínú irú àwòṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òkè inú àwòṣe náà kò tutù tó ohun tí òkúta wí. Nígbà tí wọ́n dín ìgbóná òkun kù ní 2 dígírì níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ òkun àti ti òkè súnmọ́ ara wọn.

Kí a kíyè sí i pé àwòṣe kò jẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi hàn pé ẹ̀rí méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀.

4. Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn dé

Ní ọdún 1994, iyùn àtijọ́ láti òkun Barbados fi hàn pé omi ibẹ̀ fi nǹkan bí 5 dígírì tutù jù. Ní ọdún 1995, a yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò ní Piauí, ní àríwá ìlà oòrùn Brasil. Omi tútù a máa gba afẹ́fẹ́ sínú ju omi gbígbóná lọ, nítorí náà iye neon, krypton àti xenon inú omi àtijọ́ náà sọ bí ilẹ̀ ti tutù tó nígbà tí òjò rẹ̀ rọ̀: nǹkan bí 5 dígírì ju ti òní lọ. Ní ọdún 2000, magnesium inú ìkarahun foraminifera láti òkun Pàsífíìkì olóoru sọ pé 2.8 dígírì ni. Ní ọdún 2021, omi abẹ́ ilẹ̀ láti oríṣìí ilẹ̀ jákèjádò ayé olóoru àti àgbègbè rẹ̀ sọ pé 5.8 dígírì ni ti orí ilẹ̀.

Iye wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó wí pé ilẹ̀ olóoru kò yí padà. Ní ọdún 2020, Jessica Tierney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ẹ̀rí inú òkun pọ̀ mọ́ àwòṣe, wọ́n sì ṣírò pé gbogbo ayé lápapọ̀ fi nǹkan bí 6.1 dígírì tutù ju ti ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tí ì gbilẹ̀ lọ.

5. Kí ni èyí kàn wá?

Ó kàn wá púpọ̀. Afẹ́fẹ́ inú yìnyín fi hàn pé, nígbà òtútù náà, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì kò ju nǹkan bí 190 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbilẹ̀ ó jẹ́ 280. Nísinsìnyí ó ti kọjá 420. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ yìí nìkan ni ó mú òtútù wá: ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká ní ipa tirẹ̀, yìnyín funfun náà sì ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ilẹ̀ olóoru kò yí padà nígbà náà, à bá wí pé àwa tí ń gbé inú rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ẹ̀rí ti mú ìtùnú náà kúrò. Láti inú ìṣirò ọdún 2020 kan náà, bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì bá di ìlọ́po méjì, ayé yóò fi nǹkan bí 3.4 dígírì gbóná sí i nígbẹ̀yìn. Ó lè kéré tó 2.4, ó sì lè pọ̀ tó 4.5.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá gbọ́ ti òkun nìkan, à bá dá ẹjọ́ yìí ní àìtọ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè, lórí ọ̀rọ̀ ìgbàanì gbogbo, ẹni tí ó jẹ́rìí, bí a ti túmọ̀ ẹ̀rí rẹ̀, àti ẹlòmíràn tí ó tì í lẹ́yìn.

Ìbéèrè fún ẹ̀kọ́

1. Dárúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ó ń pa àmì ooru àti òtútù àtijọ́ mọ́.
2. Bí yìnyín orí òkè kan bá sọ̀ kalẹ̀ ní 500 mítà, dígírì mélòó ni òtútù fi pọ̀ sí i?
3. Kí ni àwòṣe lè sọ fún wa tí òkúta kò lè sọ? Kí sì ni òkúta lè sọ tí àwòṣe kò lè sọ?